Ọkà, Omi àti Òkúta: Àlàyé Lórí Àfikún Oúnjẹ fún Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: “Adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun kò léhín; ìdérègbè tí ó léhín, ṣé irin ni ó ń gbé mì ni?” A sábà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí kò mọ rírì ohun tí Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, a ó rí i pé ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú adìẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun mẹ́ta ni àwọn àgbà kà sílẹ̀ fún adìẹ, wọn kò fi mọ sí ọkà nìkan.

Ẹni tí ó bá la agbo ilé àwọn baba wa kọjá ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹ́yẹrúnkà yóò rí i pé ìwọ̀nba ni agbo ilé tí kò ní adìẹ. Àgbébọ̀ a máa kó ọmọ rẹ̀ kiri lábẹ́ òrùlé páànù, àkùkọ a sì máa kọ kí agogo ìsìn òwúrọ̀ tó dún. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá ìjọ wa ni ó ní márùn-ún, mẹ́wàá tàbí ogún adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ìbéèrè wọn kò sì yàtọ̀ síra: Èéṣe tí èèpo ẹyin fi ń rọ̀ bí ọ̀rá? Èéṣe tí àgbébọ̀ fi ń ṣá ẹyin ara rẹ̀ jẹ? Èéṣe tí òròmọdìẹ fi ń rù tí ó sì ń kú? Àti pàápàá jùlọ, nínú gbogbo ìyẹ̀fun àti omi inú ìgò tí àwọn olóúnjẹ adìẹ ń tà, èwo ni ó ṣe pàtàkì ní tòótọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìjọ

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ adìẹ ń wá nínú ìròyìn ìjọ? Èsì wa ni pé Ìwé Mímọ́ kò ya ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn kúrò lára ìwà òdodo. Ìwé Òwe orí kejìlá, ẹsẹ kẹwàá, kọ́ wa pé olódodo a máa náání ẹ̀mí ẹran rẹ̀. Olúwa wa fúnra Rẹ̀ kò sì tijú láti fi ara Rẹ̀ wé àgbébọ̀ tí ń kó ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Mátíù orí kẹtàlélógún. Láti ọdún 1853 tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Kúdẹtì ni ìyìn rere ti ń gbé láàrin agbo ilé Ìbàdàn; ohun tí ó bá kan agbo ilé kan ìjọ.

Lẹ́yìn èyí, owó wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí iye náírà sì ti já wálẹ̀, owó oúnjẹ adìẹ gbówó lórí gidigidi, ọ̀pọ̀ olóko adìẹ sì ti ilẹ̀kùn. Opó tí ó ń ta ẹyin láti fi ra ìwé fún ọmọ kò ní owó tí yóò fi ṣòfò lórí ìyẹ̀fun tí kò níláárí. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó pàdánù adìẹ rẹ̀ nítorí ohun tí ó ń dà sórí ààtàn lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé oúnjẹ ni.

Adìẹ tí ó la ojú ayé

Ní nǹkan bí ọdún 1890 sí 1896, oníṣègùn ará Họ́láńdì kan tí a ń pè ní Christiaan Eijkman wà ní ìlú Batavia ní erékùṣù Jáfà, ìlú tí a mọ̀ sí Jakarta lónìí. Ó ń wá okùnfà àrùn kan tí ń rọ àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀ tí ó sì ń pa wọ́n, èyí tí a ń pè ní beriberi. Lójijì, àwọn adìẹ tí ó ń sìn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wọn rọ, wọ́n sì ń kú. Nígbà tí ó yá, ara wọn tún yá láìsí pé ẹnikẹ́ni fún wọn lóògùn.

Eijkman ṣe ìwádìí, ó sì rí i pé ìrẹsì funfun tí ó ṣẹ́kù láti ilé ìdáná ilé ìwòsàn ológun ni wọ́n ti ń fún àwọn adìẹ náà. Nígbà tí alásè mìíràn dé, ó kọ̀ láti fi ìrẹsì ológun bọ́ adìẹ tí kì í ṣe ti ológun. Ìrẹsì tí a kò bó eèrí rẹ̀ kúrò ni wọ́n wá ń fún wọn, ara wọn sì yá. Èròjà kan wà nínú eèrí tí wọ́n ń bó dànù, èyí tí a mọ̀ lónìí sí fítámì B1. Nípasẹ̀ àwọn adìẹ yìí ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí í lóye ohun tí fítámì jẹ́, Eijkman sì pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1929.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Adìẹ lè yó, kí ebi èròjà sì máa pa á. Ìwọ̀n kékeré ni ohun tí ó ṣe aláìní, ó sì lè jẹ́ inú ohun tí a ń dànù gan-an ni ó wà. Èyí ni ìtumọ̀ àfikún oúnjẹ: ohun díẹ̀ tí a fi ń dí àlàfo tí oúnjẹ gangan ṣẹ́ kù.

Àlàfo tí ó wà nínú oúnjẹ adìẹ agbo ilé

Adìẹ tí ń jẹ̀ kiri a máa rí oúnjẹ tí ń fún un ní agbára: èérún ẹ̀bà, àmàlà, ẹ̀kọ, àgbàdo tí ó dà sílẹ̀. Láyé àtijọ́, a tún máa rí kòkòrò, ekòló àti koríko. Ṣùgbọ́n àárín ìlú Ìbàdàn ti yí padà. Ilé ti fún mọ́ ilé, wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sí ọ̀pọ̀ àgbàlá, koríko kò sì sí bí ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń wọ́n adìẹ agbo ilé: èròjà amúaradàgbà tí ń mú ara àti ẹyin jáde, kálíṣíọ́mù tí ń mú èèpo ẹyin le, àti fítámì. A ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín

Èèpo ẹyin kan ní nǹkan bí 2 gíráàmù kálíṣíọ́mù nínú. Ó ń gba nǹkan bí wákàtí 20 kí èèpo náà tó parí lára ẹyin, alẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ń ṣe. Bí àgbébọ̀ kò bá rí kálíṣíọ́mù jẹ, yóò yá a láti inú egungun ara rẹ̀. Níkẹyìn, èèpo ẹyin a rọ̀, egungun a di ẹlẹgẹ́, yíyé ẹyin a sì dẹ́kun. Àìtó yìí wà lára ohun tí ń mú kí adìẹ jẹ ẹyin rẹ̀, nítorí ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀ a tètè fọ́, adìẹ a sì tọ́ ọ wò.

Oògùn rẹ̀ wà nínú ilé. Ẹ fọ èèpo ẹyin tí ẹ ti lò, ẹ yan án gbẹ nínú agbada, kí ẹ sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní jọ ẹyin mọ́, kí adìẹ má baà kọ́ láti máa ṣá ẹyin jẹ. Ìkarahun ìgbín dára pẹ̀lú: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sun ún nínú iná, kí ẹ sì gún un. Àwọn olóúnjẹ adìẹ a máa ta ìkarahun inú òkun àti òkúta ẹfun lílọ̀, wọn kò sì wọ́n tó fítámì inú ìgò. Ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ kúnná bí ìyẹ̀fun. Èyí tí ó rí bí iyanrìn ńláńlá ni ó ń pẹ́ nínú iwe tí ó sì ń wúlò ní òru.

Inú àwo ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ má ṣe pò ó mọ́ oúnjẹ gbogbo agbo. Àgbébọ̀ tí ń yé yóò mú ìwọ̀n tí ó tó fún un, ní ìrọ̀lẹ́ pàápàá. Òròmọdìẹ àti àkùkọ kò nílò púpọ̀, àpọ̀jù kálíṣíọ́mù a sì máa ba kíndìnrín òròmọdìẹ jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa fi oúnjẹ àgbébọ̀ tí ń yé bọ́ ọmọ adìẹ.

Èròjà amúaradàgbà

Oúnjẹ adìẹ tí ń yé nílò nǹkan bí 16 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún èròjà amúaradàgbà. Ti òròmọdìẹ gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó nǹkan bí 20. Àgbàdo kò ní ju 8 sí 10 lọ, ẹ̀bà kò sì tó nǹkan. Ìdí nìyí tí òròmọdìẹ tí ó ń jẹ èérún ẹ̀bà nìkan fi ń ní ikùn ńlá àti ìyẹ́ jákujàku.

Ohun tí ó lè dí àlàfo yìí kò jìnnà: kúlíkúlí tí kò ní iyọ̀ àti ata, orí ẹja gbígbẹ tí a gún, ìdọ̀tí edé, àti ẹ̀wà sóyà. Ṣùgbọ́n sóyà tútù ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú adìẹ. A gbọ́dọ̀ yan án títí yóò fi máa ta sánsán kí a tó lọ̀ ọ́. Eèrí ògì tí àwọn ológì ń sẹ́ kù pẹ̀lú wúlò, nítorí inú èèpo àti ojú hóró ni ọ̀pọ̀ èròjà àgbàdo wà, gẹ́gẹ́ bí ti ìrẹsì Eijkman. Ẹ fún un gbẹ, kí ẹ sì lò ó ní ọjọ́ náà, tàbí kí ẹ sá a sí oòrùn, nítorí a máa tètè bu.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ikán a máa mú òròmọdìẹ dàgbà. Ní ilẹ̀ Tógò, àwọn onímọ̀ ti ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn ará abúlé ṣe ń kó ikán: wọ́n á kó pòròpórò tàbí koríko gbígbẹ tí a fi omi rin sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò sí ojú ihò ikán, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ikán á ti kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó ní oko ní ẹ̀yìn ìlú lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti ìdin, ẹ má ṣe kó o láti ara òkú ẹran, nítorí májèlé tí ń rọ adìẹ lọ́rùn lè wà nínú rẹ̀.

Ewé tútù

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewé ẹ̀gúsí àti ewé mòríńgà a máa fún adìẹ ní fítámì A, wọ́n a sì máa mú kí pupa ẹyin pọ́n dáadáa. Ẹ so ewé náà mọ́ ibi tí adìẹ lè nà mọ́, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ewé tí àwọn aláfọ̀ọ́ bá já sílẹ̀ ní Ọjà'ba ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí lójú ẹni tí ó mọ ìwúlò rẹ̀. Kí a ṣáà ti fọ̀ ọ́ nù. Ata gbígbẹ pẹ̀lú a máa fi àwọ̀ kún pupa ẹyin, kò sì ní ta adìẹ lẹ́nu, nítorí Ẹlẹ́dàá kò dá ẹyẹ pẹ̀lú ohun tí ń mú kí àwa ènìyàn mọ títa ata. Ní ti ewúro, aáyù àti atalẹ̀, kò burú bí a bá fún wọn níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé wọn gẹ́gẹ́ bí oògùn àrùn ńlá.

Òkúta àti omi

Adìẹ kò léhín. Iwe rẹ̀ ni eyín rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó sì fi ń lọ oúnjẹ nínú rẹ̀. Adìẹ tí a há mọ́ inú àgò tàbí àgbàlá sìmẹ́ńtì kò ní rí òkúta ṣà, nítorí náà kí a bu iyanrìn odò tí ó ṣe hóró fún un nínú àwo. Òkúta yìí kò lè rọ́pò ìkarahun, ìkarahun pẹ̀lú kò lè rọ́pò òkúta.

Àfikún tí ó pọn dandan jùlọ ni omi mímọ́. Ìwọ̀n omi tí adìẹ ń mu a máa tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀, a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Bí a bá yọ èèpo kúrò, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹyin ni ó jẹ́ omi. Adìẹ tí òùngbẹ gbẹ ní ọ̀sán kan lè dáwọ́ ẹyin dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì sí fítámì tí yóò tún un ṣe bí kò ṣe omi.

Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá

Ẹni tí ń po oúnjẹ fún adìẹ tí a há mọ́lé láti òwúrọ̀ dé alẹ́ nílò àdàlù fítámì àti èròjà ilẹ̀ tí àwọn olóúnjẹ adìẹ ń pè ní premix. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni 2.5 kílò fún tọ́ọ̀nù kan, èyí tí ó jẹ́ 25 gíráàmù péré fún 10 kílò oúnjẹ. Kí a ka ohun tí a kọ sára ọ̀rá náà, kí a wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí a má sì ra èyí tí wọ́n ti tú wọ̀n sínú ọ̀rá mìíràn nínú oòrùn, nítorí ooru àti ìmọ́lẹ̀ a máa pa fítámì. Ẹni tí ó ń ra oúnjẹ tí a ti pò tán kò nílò láti fi premix kún un mọ́.

Kí a ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá sọ pé ìyẹ̀fun òun yóò mú kí adìẹ yé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wákàtí 24 sí 26 ni ẹyin kan ń gbà kí ó tó jáde. Bí Ẹlẹ́dàá ti tò ó nìyẹn. Adìẹ ìbílẹ̀ wa tí ń jẹ̀ kiri kì í sábà ju 40 sí 60 ẹyin lọ lọ́dún, nítorí a máa sàba, a sì máa tọ́ ọmọ. Oúnjẹ dáadáa yóò fi kún un, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ di adìẹ òyìnbó.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ yàgò fún

Ìkíní ni oúnjẹ tí ó bu. Ní ọdún 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí sì fi hàn pé ẹ̀pà lílọ̀ tí ó ti bu ni wọ́n jẹ. Májèlé inú èbu náà ni a ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, ti ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ IITA níhìn-ín ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ takuntakun láti dènà rẹ̀ lórí àgbàdo àti ẹ̀pà nínú oko, nípa ohun tí wọ́n pè ní Aflasafe. Àgbàdo tàbí kúlíkúlí tí ó bu kì í ṣe “ti adìẹ”. Ti ààtàn ni.

Ìkejì ni iyọ̀. Adìẹ nílò díẹ̀, nǹkan bí 25 sí 30 gíráàmù nínú 10 kílò oúnjẹ, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ a máa pa òròmọdìẹ. Nítorí náà, kí a má da àṣẹ́kù ọbẹ̀ tí ó níyọ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ìkẹta ni èèpo gbágùúdá tútù, nítorí májèlé inú rẹ̀. Kí a rin ín, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì sá a gbẹ kí ó tó di oúnjẹ.

Ìkẹrin, èyí tí ó wúwo jùlọ lọ́kàn wa, ni lílo oògùn apakòkòrò àrùn bí ẹni pé àfikún oúnjẹ ni. Àwọn kan a máa tú kápúsù ènìyàn sínú omi adìẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ “kí ara wọn lè le.” Èyí léwu. Kòkòrò àrùn a kọ́ bí a ti ń borí oògùn náà, oògùn a sì wọ inú ẹyin tí ọmọ wa ń jẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de fífi irú oògùn bẹ́ẹ̀ mú ẹran sanra. Bí adìẹ bá ṣàìsàn, oníṣègùn ẹran ni kí a pè. Bí ó bá sì ní kí a má jẹ ẹyin rẹ̀ fún iye ọjọ́ kan, kí a má ṣe tà á fún aládùúgbò. Ẹni tí ó ta ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní jẹ ti rú òfin ìfẹ́ ọmọnìkejì.

Oúnjẹ kì í ṣe àjẹsára

Àrùn lùkúlùkú ni ó ń gbá agbo ilé lọ ní àkókò ọyẹ́. Ìlú Ìbàdàn gan-an ni a ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láti oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953. Kò sí ìkarahun, ewé tàbí fítámì tí ó lè dá a dúró. Àjẹsára nìkan ni. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ní Vom ń ṣe irú èyí tí a lè kán sí adìẹ ìbílẹ̀ lójú. Bákan náà, láti oṣù Kejì ọdún 2006 tí a ti rí àrùn ẹyẹ tí ó lágbára ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, a ti mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ adìẹ bá kú lójijì, a kò gbọdọ̀ jẹ wọ́n tàbí tà wọ́n. Ìjọba ni a ó fi tó létí.

Ìparí

Bí a bá ní kí a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí ìyá kan ní Bẹ́yẹrúnkà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la kò ju èyí lọ: omi mímọ́ ní àràárọ̀, ewé tútù, ìkarahun nínú àwo kan, òkúta nínú àwo mìíràn, ní ìrọ̀lẹ́, ìkúnwọ́ kan fún adìẹ kọ̀ọ̀kan nínú àdàlù àgbàdo, eèrí àti sóyà yíyan tàbí orí ẹja, àti àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé. A rọ ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run kí ẹ fi èyí tó àwọn ẹgbẹ́ ìyá létí, kí wọ́n lè para pọ̀ pe oníṣègùn ẹran kan fún gbogbo àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Láyé àtijọ́, wọ́n a máa sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹ̀rù yìí ti fi ebi pa ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ilé tí adìẹ ti ń yé. Kí a má ṣe ta gbogbo ẹyin tán. Kí a yọ ti ọmọdé sílẹ̀ kí a tó gbé agbọ̀n lọ sí ọjà, nítorí òun náà ń dàgbà, òun náà sì lè yó kí ebi èròjà máa pa á.

Kí Olúwa, ẹni tí ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run, kí ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa àti ẹran ọ̀sìn wa. Àmín.